Kí Ahọ́n Tó Wúwo

Ẹ̀yin ará wa lókè Ọya, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn. Ní 1990, Terri Schiavo dákú ní Florida, ní Amẹ́ríkà. Ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́, kò sì kọ ìfẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n yọ rọ́bà tí ó fi ń jẹun. Àwọn òbí rẹ̀ kọ̀. Ilé-ẹjọ́ dá ọkọ láre. Nígbẹ̀yìn, wọ́n yọ ọ́ ní oṣù kẹta 2005. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ 13.

Mùsùlùmí àti Kristẹni wa gbà pé Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Lójú tiwa, oúnjẹ kì í ṣe oògùn tí a lè gbà lẹ́nu aláìsàn. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ibi iṣẹ́ ìjọba kàn ń béèrè orúkọ ẹbí wa ni, kò béèrè ìfẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ fún aya àti ọmọ nígbà tí ẹnu wa ṣì lè sọ̀rọ̀.