Màgájíyà

Bí a bá ń sọ ìtàn ogun nílẹ̀ wa, àwọn tó lọ sójú ogun ni a máa ń sọ̀rọ̀ nípa wọn jù. Bí a bá tilẹ̀ dárúkọ obìnrin, obìnrin tó fi ohun ìjà ran àwọn jagunjagun lọ́wọ́ ni. Ìdí nìyí tí a kò fi gbàgbé Ẹfúnróyè Tinúubú, tí àwọn Ẹ̀gbá fi jẹ Ìyálóde ní 1864 nítorí akitiyan rẹ̀ nígbà tí àwọn ará Dàhòmì gbógun ti Abẹ́òkúta. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ròyìn obìnrin tí kò ní ẹ̀tù tàbí ìbọn láti fún ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé ìkòkò ọbẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni gbogbo ohun tó ní? Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló tọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Sájẹ́ǹtì ni ọkọ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà, bárékè Ìkẹjà ni wọ́n sì ń gbé nígbà tí wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ wọn ní 1981. Yàrá kan àti pálọ̀ ni gbogbo wa ń gbé, àwa ọmọ mẹ́fà pẹ̀lú àwọn méjèèjì. Màgájíyà ni gbogbo ayé ń pè é. Oyè obìnrin ni lédè Haúsá. Èdè Haúsá ló gbilẹ̀ láàárín àwọn ṣọ́jà nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ọ̀rọ̀ yìí wọ bárékè, tó sì di orúkọ olórí àwọn ìyàwó ṣọ́jà.

Kò sí owó oṣù nídìí oyè náà. Òun ní í gba ìyàwó tuntun lálejò. Òun ní í parí ìjà nídìí ẹ̀rọ omi. Òun ní í kó àwọn obìnrin jáde láti gbálẹ̀. Òun náà ní í jókòó ti aláìsàn. Bí àwa ọmọ bá ráhùn pé wàhálà àwọn ará ilé ti pọ̀ jù, á ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ní oṣù Kẹjọ 1990, àwọn ọmọ ogun ECOMOG wọ Monrovia, olú ìlú Làìbéríà. Kò pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ náà fi lọ. Lẹ́tà nìkan ni a fi ń gbúròó rẹ̀, lẹ́tà a sì máa pẹ́. Ohun tó ń ba àwọn obìnrin bárékè lẹ́rù jù ni kí ọkọ̀ àwọn ọ̀gá dúró níwájú ilé wọn láìròtẹ́lẹ̀. Mo wá lo ìsinmi yunifásítì nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró níwájú tiwa. Ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀. Màmá ń gún iyán lọ́wọ́. Ó gbé ọmọ odó sílẹ̀, ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Ilé ta ni?" Kò ní, "Ṣé ọkọ mi ni?"

Wọ́n ní kó bá àwọn ká lọ sí búlọ́ọ̀kù kejì. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi sùn ti opó náà. Lọ́jọ́ tó padà wálé ni mo bá a lẹ́yìn ilé ìdáná, ó jókòó sórí àpótí, ó fi ìborùn bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Bó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ọmọ mi, bá mi wo ìkòkò tó wà lórí iná, kí ó má baà jóná."

Mo jẹ obìnrin yìí ní gbèsè kan. Nígbà tí mo gboyè àkọ́kọ́ ní 1992, ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé ta ni màmá tó wọ àrán yẹn. Mo ní ìyàwó méjọ̀ ni. Ojú ń tì mí láti pe sájẹ́ǹtì. Màmá gbọ́, kò sì fọhùn. Nígbà tí a wọkọ̀ tán ló sọ̀rọ̀: "Èmi kì í ṣe ìyàwó méjọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan ní búlọ́ọ̀kù wa tí n kò mọ orúkọ rẹ̀." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má bínú." Kò dáhùn.

Ọdún mẹ́wàá kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2002, ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà bú gbàmù. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀pọ̀ ló rì sínú kànáàlì ní Òkè-Afà bí wọ́n ti ń sá lọ nínú òkùnkùn, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Láti Ìbàdàn ni mo ti wá Màmá lọ. Inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ni mo ti rí i, láàárín àwọn ọmọ tó sọnù, ó ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé kékeré kan. Ọmọ Haúsá, ọmọ Ìgbò, ọmọ Tiv, ọmọ Yorùbá, ó mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti wá. Bí òbí kan bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, á ti dárúkọ ọmọ onítọ̀hún kí ó tó lanu béèrè.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ kú. Wọ́n gbé àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ lé orí pósí. Nígbà tó kan Màmá, kò sí àmì-ẹ̀yẹ kankan láti gbé lé e. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà tí n kò mọ̀ rí rọ́ wá láti ìlú gbogbo, wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ Màgájíyà. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni màmá jẹ́ sí yín?"

Mo ní, "Ìyá mi ni. Sájẹ́ǹtì ni ọkọ rẹ̀."