Osuofia apá kìíní àbí apá kejì?

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe ìwàásù lónìí o. Èmi àtìyàwó mi tún wo Osuofia in London lálẹ́ àná, ti 2003 àti apá kejì tó jáde ní 2004. Nkem Owoh fẹ́ẹ̀ fẹ̀rín pa wá! Apá kìíní ló pani lẹ́rìn-ín jù, ṣùgbọ́n apá kejì lèmi fẹ́ràn. Nínú àkọ́kọ́, Osuofia ni àlejò tí kò mọ̀nà. Nínú ìkejì, Samantha tó mú wá sábúlé ni. Ẹ̀rín kan náà, orí ẹlòmíì ló wá ń já lé.

Ní Alábà Rago wa yìí (àgbò ni “rago” lédè Haúsá), ta ni kì í ṣe àlejò? Síbẹ̀, ní Sunday, arákùnrin kan dìde kí wa, Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀, àwọn ará ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín. Kò dúró gba oore-ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, inbox mi.