Tucson: Ìlú Aṣálẹ̀ Tí Àwọn Òkú Rẹ̀ Kò Sùn

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò sí ohun tó ń dẹ́rù bani nínú aṣálẹ̀ ju òùngbẹ lọ, ẹ má gbà á gbọ́. Mo ti fi ẹsẹ̀ mi rin àárín ìlú Tucson já, ní ìpínlẹ̀ Arizona, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, mo sì mọ ohun tí ojú mi rí. Ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ sí ẹnubodè Mẹ́síkò. Òkè ló yí i ká, igi ẹlẹ́gùn-ún tó ga ju ilé lọ ló dúró káàkiri ẹ̀yìn odi rẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀, àwọn O'odham, ló sọ ọ́ lórúkọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìdí òkè dúdú. Ọmọ Abẹ́òkúta kò ní í béèrè ìdí tí wọ́n fi ń sọ ìlú ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ìrìn àwọn iwin ni mo bá lọ. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbowó láti mú àlejò káàkiri lálẹ́, ṣùgbọ́n èmi kò sanwó fún ẹnikẹ́ni. Mo ra omi, mo mú ìwé àwòrán ìlú dání, mo dúró kí oòrùn rọ̀, nítorí pé lásìkò ooru, oòrùn ibẹ̀ máa ń mú kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n. Oṣù kọkànlá ni mo yàn, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Kí n má parọ́, ẹ̀rín ni mo fẹ́ lọ rín. Ẹni tó ti ń gbọ́ ìtàn àkúdàáyà láti kékeré, kí ni iwin òyìnbó fẹ́ sọ fún un?

Ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1880 ni réluwéè kọ́kọ́ wọ ìlú náà. Nígbà tó pé ọdún méjì géérégé, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1882, Wyatt Earp àti àwọn èèyàn rẹ̀ yìnbọn pa Frank Stilwell lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin náà, nítorí wọ́n gbà pé ó lọ́wọ́ nínú ikú Morgan, àbúrò Wyatt, tí wọ́n pa ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ère Earp àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Doc Holliday, wà níbẹ̀ dòní. Mo wá ère Stilwell títí, n kò rí i.

Bí èèyàn bá ré títì kọjá, Òtẹ́ẹ̀lì Congress ló kàn. Ọdún 1919 ni wọ́n kọ́ ọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1934, iná sọ níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ John Dillinger, afọ́báńkì nì, sì wà lára àwọn tó sùn sí àjà kẹta. Wọ́n bẹ àwọn panápaná kí wọ́n bá àwọn gbé ẹrù jáde, wọ́n sì fún wọn lówó. Ẹrù náà wúwo bí òjé. Kò pẹ́ tí àwọn panápaná fi rí àwòrán wọn nínú ìwé ìròyìn kan, ni wọ́n bá ta ọlọ́pàá lólobó, bí wọ́n ṣe kó gbogbo wọn nìyẹn, àti Dillinger fúnra rẹ̀, láìyin ìbọn kan. Wọn kò tún àjà kẹta náà kọ́ mọ́. Wọ́n ní iwin obìnrin kan wà ní yàrá 242, àwọn àlejò sì wà tó jẹ́ pé yàrá náà gan-an ni wọ́n ń tọrọ. Nílé wa, aládùúrà là bá ti pè.

Títí dé ibẹ̀, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi. Òpópónà Stone ló ti pa rẹ́, níwájú ilé alájà 11 kan tó ń jẹ́ Òtẹ́ẹ̀lì Pioneer nígbà kan. Ní òru ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ọdún 1970, tí Kérésìmesì ku ọjọ́ márùn-ún, iná sọ nínú ilé náà. Àkàbà àwọn panápaná kò gùn dé àjà òkè. Àwọn kan bẹ́ láti ojú fèrèsé. Èèyàn 29 ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ, ọmọdé wà nínú wọn. Ọ́fíìsì ni wọ́n sọ ilé náà dà lẹ́yìn náà, wọ́n sì ní àwọn kan ṣì ń gbóòórùn èéfín níbẹ̀, pé ẹsẹ̀ ń dún lọ́nà tí èèyàn kò sí.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú mi dúró pẹ́. Ní òru yẹn gan-an ni wọ́n mú Louis Taylor, ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú, ẹni ọdún 16. Wọ́n ní òun ló dáná sun ilé. Òun ní òun ń ran àwọn àlejò lọ́wọ́ láti sá jáde ni. Ní ọdún 1972, àwọn aráàlú tí ilé ẹjọ́ yàn láti dá ẹjọ́ náà, tí kò sí aláwọ̀ dúdú kan nínú wọn, dá a lẹ́bi, ó sì di ẹ̀wọ̀n gbére. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún ẹ̀rí náà yẹ̀ wò pẹ̀lú ìmọ̀ òde òní, wọ́n ní kò sí ohun tó fi hàn dájú pé ẹnikẹ́ni ló mọ̀ọ́mọ̀ dáná. Oṣù kẹrin ọdún 2013 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún 42, nígbà tó gbà pé òun kò ní í bá ìjọba jiyàn ẹ̀sùn náà mọ́. Kò jẹ́wọ́, wọn kò sì dá a láre. Ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù dáadáa ló wọlé, ẹni tó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún ló jáde. Ìwé àwòrán ọwọ́ mi mẹ́nu ba èéfín, ó mẹ́nu ba ẹsẹ̀ tó ń dún. Kò mẹ́nu ba ọmọ náà.

Mo ń ro èyí lọ títí mo fi dé iwájú ilé ẹjọ́ kan lójú ọ̀nà Stone kan náà. Itẹ́ òkú ni ilẹ̀ ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1860 àti 1870. Ìlú ń fẹ̀, wọ́n kọ́lé lé àwọn òkú lórí, wọ́n gbàgbé wọn. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́ ilé ẹjọ́ náà ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, láàárín ọdún 2006 sí 2008, wọ́n sì bá sàréè tó lé ní 1,000. Wọ́n dá àwọn ọmọ onílẹ̀ padà fún àwọn èèyàn wọn, wọ́n sì tún àwọn yòókù sin. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sin bàbá yín sínú ilé yóò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ẹlòmíràn máa na aṣọ sórí ẹni.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo gba ìhà gúúsù lọ sí àdúgbò Barrio Viejo, níbi ojúbọ El Tiradito. Ẹni ìtanù ni orúkọ náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà ni wọ́n gbà ń sọ ìtàn rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ní àwọn ọdún 1870, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ràn ìyá ìyàwó rẹ̀, àna rẹ̀ ọkùnrin ká wọn mọ́, ó sì fi àáké pa á. Ìjọ kọ̀ láti sin ín sí ilẹ̀ mímọ́, ibi tó ṣubú sí náà ni wọ́n sin ín sí. Àwa náà ní òkú tí a kì í sin sílé, bí ẹni tó so àti aláboyún tó kú toyún toyún. Inú igbó là ń gbé wọn lọ, a kì í sì í padà lọ kí wọn. Àwọn èèyàn ibí yìí ń padà lọ. Wọ́n ń tan àbẹ́là fún ẹlẹ́ṣẹ̀ náà, wọ́n ní bí iná rẹ̀ bá jó di òwúrọ̀ láìkú, ẹ̀bẹ̀ ẹni tó tàn án ti gbà. Ní ọdún 1971, wọ́n kọ ojúbọ náà sínú ìwé àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè, ó sì wà lára ohun tó dá ọ̀nà ńlá tí ìjọba fẹ́ là gba àárín àdúgbò náà kọjá dúró. Òkú tí ìjọ kọ̀ ló gba ilé àwọn alààyè lọ́wọ́ katakata.

Ògiri amọ̀ tó ti ya ni wọ́n ń tan àbẹ́là sí níwájú, èéfín ti sọ ọ́ dúdú. Mo ra àbẹ́là kan, mo tàn án nítorí ọmọdékùnrin òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Ọ̀yẹ́ ń fẹ́, iná náà ń gbọ̀n. Ìyá àgbà kan tó ń tẹ àbẹ́là tirẹ̀ mọ́lẹ̀ wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ó na ọwọ́, ó gbé tèmi kúrò lójú afẹ́fẹ́, ó fi sí kọ́lọ́fín ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún un, bí a ti ń ṣe. Ọkọ̀ mi yóò lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, n kò sì lè dúró wò ó.