Ká Tó Ra Kọ̀ǹpútà fún Ẹ̀ka Welfare

Látìgbà tá a ti kéde pé iṣẹ́ ẹ̀ka welfare máa bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà mélòó la fẹ́ rà làwọn kan ń bi wá. Ìyẹn kọ́ ló ká wa lára. Kí ló dé tí ìwé opó tí kò rí owó iléèwé ọmọ san fi ní láti gba ọwọ́ èèyàn márùn-ún kọjá? Mẹ́ta nínú wọn, ṣe ni wọ́n kàn ń da ìwé kan náà kọ sínú ìwé tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká wo Ford, àwọn tó ń ṣe mọ́tò l'Amẹ́ríkà. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, èèyàn tó lé ní 500 ló wà ní ẹ̀ka tó ń sanwó fáwọn tó ń kó ọjà wá fún wọn níbẹ̀. Wọ́n rò pé báwọn bá fi kọ̀ǹpútà kún un, 400 á tó. Ìgbà tí wọ́n yọjú wo Mazda ní Japan, èèyàn márùn-ún péré ni wọ́n bá nídìí irú iṣẹ́ yẹn! Lóòótọ́, Mazda kéré sí Ford, àmọ́ kò kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń jẹ àkókò wọn ní Ford? Ìwé mẹ́ta ni: èyí tí wọ́n fi pàṣẹ ọjà, èyí tó sọ pé ọjà ti dé, àti invoice tí ọlọ́jà fi ń béèrè owó rẹ̀. Nǹkan 14 ni akọ̀wé gbọ́dọ̀ fi wéra lórí wọn kó tó sanwó. Bí ẹyọ kan ò bá ti bára mu, wàhálà dé, lẹ́tà á máa lọ, á máa bọ̀.

Wọ́n wá yọ invoice kúrò pátápátá. Ẹni tó pàṣẹ ọjà á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà; bí ẹrù bá dé, ẹni tó ń gbà á á yẹ kọ̀ǹpútà kan náà wò. Ó bára mu? Á gbà á wọlé, kọ̀ǹpútà á sì kọ sọ̀wédowó nígbà tó bá yẹ. Kò bára mu? Ẹ máa gbé ẹrù yín padà.

Michael Hammer kọ ìtàn yìí sínú Harvard Business Review lọ́dún 1990. Ó ní òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin dín kù. Inú rẹ̀ dùn sí i gan-an. Tiwa ò dùn débẹ̀ yẹn. Èèyàn ni wọ́n, wọ́n lọ́mọ nílé.

Torí ẹ̀ la ṣe fẹ́ kó jẹ́ pé, bá a bá yọ ọwọ́ mẹ́ta yẹn kúrò nídìí ìwé, àwọn ará náà ni yóò máa lọ bẹ àwọn opó wò nílé. Kọ̀ǹpútà á sọ fún wa pé owó ti lọ. Kò ní mọ̀ bóyá ọmọ yẹn padà síléèwé lóòótọ́.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé la máa jókòó lé e lórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí ní báńkì tàbí ní iléeṣẹ́ ìjọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ẹ̀yin la fẹ́ gbọ́ tẹnu yín.