Iṣẹ́ Ni Kó Sọ Òṣùwọ̀n

Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ wa, iṣẹ́ dídíwọ̀n agbára tó yẹ kí ara ní kí ènìyàn tó lè ṣe iṣẹ́ sójà kan, kì í yé bi wá ní ìbéèrè kan: ṣé kì í ṣe ọgbọ́n àtilé obìnrin sẹ́yìn ni gbogbo òṣùwọ̀n yìí? Mo ti ń kógbá sílé báyìí, mi ò sì fẹ́ lọ láìdáhùn. Rárá ni. Òṣùwọ̀n tó ti inú iṣẹ́ gan-an jáde kì í ti ẹnikẹ́ni síta lọ́nà àìtọ́. Èyí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni òṣùwọ̀n tí ẹnìkan jókòó sí ọ́fíìsì tó fi àfojúbù gbé kalẹ̀. Àwa tí a ṣe iṣẹ́ yìí bó ṣe yẹ la ṣílẹ̀kùn fún obìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń gba ìyìn rẹ̀.

Láyé àtijọ́, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń wọ̀n. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Lucien Brouha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard máa ń ní kí ọkùnrin gun àpótí tó ga tó nǹkan bíi 50 sẹ̀ǹtímítà, ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú kan, títí di ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n tó ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ní 1968, Kenneth Cooper, dókítà ológun òfurufú Amẹ́ríkà, gbé ìdánwò eré sísá oníṣẹ́jú 12 jáde. Méjèèjì dára fún ìlera. Ṣùgbọ́n ọta àgbá 155 mílímítà lé ní 40 kìlò, ẹsẹ̀ tó yá nílẹ̀ kọ́ ni yóò sì gbé e.

Ẹ̀rọ kan wà tó mọ èyí. Ní 1984, àwọn ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi í dán àwọn tó fẹ́ wọṣẹ́ wò: irin méjì tó dúró ṣánṣán, ẹrù tó ń yọ̀ gòkè láàárín wọn, ọwọ́ ìdìmú níwájú. Láti nǹkan bíi kìlò 18 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn a sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Àyà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Láti ilẹ̀ dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ló ń fà á. Tó bá ti dé àyà, ọrùn ọwọ́ gbọ́dọ̀ yí padà kí fífà lè di títì, ibẹ̀ sì ni ẹrù ti ń dúró gbagidi mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ̀rọ náà kì í béèrè bóyá ọkùnrin ni ọ́ tàbí obìnrin. Wọ́n sì ti pín iṣẹ́ ológun sí ìsọ̀rí márùn-ún, láti orí èyí tó fúyẹ́ dé èyí tó wúwo jù lọ, tí ẹrù rẹ̀ lé ní kìlò 45. Ó ku kí èsì di àṣẹ. Ìmọ̀ràn lásán ni wọ́n sọ ọ́ dà: ẹni tí kò lè gbé e ṣì lè gba iṣẹ́ náà. Ní 1990, wọ́n pa á tì. Ó ń dùn mí títí di òní, nítorí pé ohun tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún àti owó ṣe àwárí rẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ yẹn ti ń sọ ọ́: ẹrù iṣẹ́ gan-an ni kí wọ́n wọ̀n.

Ẹni tó fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ yìí múlẹ̀ lójú tèmi ni Mark Rayson ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àwọn ọdún 1990, kò ti ara ènìyàn bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ sójà ló kọ́kọ́ tú wò, ó sì rí ohun mẹ́rin: gbígbé ẹrù lẹ́ẹ̀kan, gbígbé e rìn, gbígbé e léraléra, àti fífi ẹrù sẹ́yìn rin ọ̀nà jíjìn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá dán sójà 379 wò, ọkùnrin 304, obìnrin 75, kí wọ́n tó mọ ìdánwò tó lè fi ẹni tí yóò ṣe é hàn. Mi ò tíì rí iṣẹ́ tó ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kánádà náà gbà pẹ̀lú wa. Tawney Meiorin ń ṣe iṣẹ́ panápaná inú igbó ní British Columbia, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára, kí ìjọba tó gbé ìdánwò tuntun dé: kí ènìyàn sá kìlómítà 2.5 láàárín ìṣẹ́jú 11. Ìṣẹ́jú-àáyá 49.4 ló fi pẹ́, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1999, ilé-ẹjọ́ ní ìjọba kò fi hàn pé ẹni tí kò lè sáré tó bẹ́ẹ̀ kò lè pa iná láìséwu. Ẹ wò ó dáadáa: ilé-ẹjọ́ kò ní kí wọ́n má ní òṣùwọ̀n. Ẹ̀rí ni wọ́n béèrè, ẹ̀rí sì ni iṣẹ́ wa.

Àwọn kan á ní bí òṣùwọ̀n bá jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn, obìnrin tí yóò já kulẹ̀ á pọ̀ ju ọkùnrin lọ. Òótọ́ ni, bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà láìgba ìdálẹ́kọ̀ọ́. Ní àárín àwọn ọdún 1990 kan náà, ilé ìwádìí àwọn ológun Amẹ́ríkà ní Natick kọ́ àwọn obìnrin ní ìgbérù àti ìrìn ẹlẹ́rù fún ọ̀sẹ̀ 24. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ló kúnjú òṣùwọ̀n iṣẹ́ tó wúwo jù lọ. Nígbà tí wọ́n parí, ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹni tó bá wá dín òṣùwọ̀n kù nítorí obìnrin ti gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó korò lẹ́nu mi jù ni ti ìdánwò agbára ara tí àwọn ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé dé ní 2020. Wọ́n ní máàkì kan náà ni gbogbo ènìyàn yóò gbà. Ní 2022, wọ́n padà sí máàkì ọjọ́ orí àti ti akọ-n-bábo, àwọn ènìyàn sì ń dá àwa adíwọ̀n lẹ́bi. Àwọn ọ̀gá ló yí i padà. Ẹrù tí a wọ̀n kò yí padà. Ní 2025, wọ́n tún ní kí tọkùnrin tobìnrin tó wà nínú iṣẹ́ ojú ogun 21 gba máàkì 350, ó kéré tán, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ṣì ń yí máàkì padà. Bí wọ́n bá ní ti ìlera ni, mo gbà, kí wọ́n ṣe ìdánwò ìlera lọ́tọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2019, ẹni tó wà níwájú ogun gbọ́dọ̀ wọ́ ẹrù kìlò 110 fún mítà 20, ìbáà jẹ́ ẹni ogún ọdún tàbí ẹni ogójì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni sójà tó gbọgbẹ́ ṣe wúwo tó pẹ̀lú ẹrù ara rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí Amẹ́ríkà ṣe, kí wọ́n sì ṣe é kí àwọn tó mọ ìdí rẹ̀ tó fẹ̀yìn tì tán.