Gbèsè Ilé àti Owó Ọbẹ̀

Kò sí ohun tí ó ń wu àgbàlagbà tó pé kí ó ní ilé tirẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé ilé ẹlẹ́ni kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Bí onílé bá ní kí ó kó jáde lọ́la, òun ni yóò máa wá ibi tí yóò gbé orí lé. Ní ayé àtijọ́, ọ̀wẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa fi ń kọ́lé. Àwọn ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́ a péjọ, wọn a po amọ̀, wọn a mọ ògiri ní ipele-ipele, onílé a sì fi oúnjẹ àti ẹmu tọ́jú wọn. Lóde òní, sìmẹ́ńtì, irin àti páànù kò mọ ọ̀wẹ̀; owó ni wọ́n mọ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ṣe ń yá owó láti ra ilé tàbí láti kọ́ ọ, tí wọ́n sì ń fi ilé náà gan-an dúró lọ́dọ̀ ẹni tí ó yá wọn lówó títí wọn yóò fi san án tán.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní 1956 ni a dá Nigerian Building Society sílẹ̀ láti máa yá ènìyàn lówó ilé. Ní 1977 ni Federal Mortgage Bank of Nigeria rọ́pò rẹ̀. Ní 1992, ìjọba ṣe òfin tí ó dá National Housing Fund sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó bá wà nínú ètò náà a máa dá náírà 2 àti ààbọ̀ lórí 100 nínú owó oṣù rẹ̀; lẹ́yìn èyí ó lè béèrè owó ilé, fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ni èlé rẹ̀ fi jẹ́ náírà 6 lórí 100 lọ́dún. Àǹfààní ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n gbèsè ni gbèsè í jẹ́, ẹni tí ó bá sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ojú owó àti èlé.

Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yìí dáradára nípa àṣà ìwọ̀fà. Ẹni tí ìnáwó bá dé bá, bóyá ti òkú tàbí ti ìyàwó, a lọ bá olówó, a sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ bíbí inú ìlú ni, ó sì ní iyì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe lóko olówó, èlé ni iṣẹ́ náà jẹ́. Kò dín ẹyọ kan kù nínú ojú owó. Ìbáà ṣe ọdún kan, ìbáà ṣe ọdún mẹ́wàá, iye tí ó yá ní ọjọ́ kìíní ni yóò kà sílẹ̀ kí ó tó gba ara rẹ̀. Samuel Johnson ṣe àlàyé àṣà yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ní ti onígbèsè tí kò bá rí owó san, ológò ni a ń rán sí i. Ológò a jókòó ti ilé rẹ̀, a máa pariwo, a sì máa pa adìẹ inú ọgbà jẹ, títí àwọn ará ilé yóò fi wá owó náà. Àṣà ìwọ̀fà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ológò kò sì sí mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú owó àti èlé kò tíì yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Ẹni tí ó bá yá ₦10,000,000 ní èlé 6 lórí 100 lọ́dún, tí yóò fi ogún ọdún san án, yóò máa san nǹkan bí ₦71,643 lóṣooṣù. Ní oṣù kìíní, ₦50,000 nínú owó yìí ni èlé yóò gbà; ₦21,643 péré ni yóò kan ojú owó. Bí ojú owó ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ ni èlé náà yóò máa dín. Nígbà tí ogún ọdún bá pé, gbogbo owó tí onígbèsè yóò ti san yóò lé ní ₦17,000,000. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè máa san ₦100,000 láti oṣù kìíní, oṣù 139 ni yóò fi san án tán, èyí ni ọdún mọ́kànlá àti oṣù méje, gbogbo owó tí yóò san kò sì ní tó ₦14,000,000. Ìdí rẹ̀ ni pé orí ojú owó ni gbogbo àfikún náà ń bọ́ sí, èlé kò sì lè jáde lára owó tí kò sí nílẹ̀ mọ́.

Bí ìṣirò náà ti rí nìyí lórí tákàdá. Inú ilé ni ó ti ń le.

Akọ̀wé ìjọba kan ní Ìbàdàn yá irú owó yìí nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦220,000. Aya rẹ̀ ń ta ẹ̀wà àti gàrí ní ọjà Bódìjà. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, àkọ́bí sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Fún ọdún méjì, ọkùnrin yìí san owó rẹ̀ láì yẹ oṣù kan. Nígbà tí báńkì wá fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́ sí i, ó rí i pé òun ti san ₦1,719,432, ṣùgbọ́n ojú owó tí ó kù lọ́rùn òun ṣì jẹ́ nǹkan bí ₦9,449,600. Owó tí ó lé ní ₦1,160,000 ti bá èlé lọ. Kò sí ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ. Bí ìṣirò ti wí ni. Síbẹ̀, oorun kò kun ojú rẹ̀ ní òru ọjọ́ náà.

Láti oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦120,000. Ó gé owó ọbẹ̀ sí ìdajì. Ẹran di ohun ọjọ́ ìsinmi. Ẹyin tí àwọn ọmọ ń jẹ láàárọ̀ dópin. Owó tí ìyá fi ń ra ọjà kún àtẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọbẹ̀ lọ, nítorí kò sí ìyá tí yóò máa wo ọmọ rẹ̀ kí ebi máa pa á. Àtẹ tí àpò ẹ̀wà mẹ́rin ń wà tẹ́lẹ̀ di ti àpò kan. Ní oṣù karùn-ún, ibà dá ọmọ kejì dùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà fi ní kí a fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. A béèrè owó, kò sí owó nílé. Baba ọmọ sáré lọ sí báńkì, ṣùgbọ́n owó tí a ti san sórí gbèsè kì í padà wá. Ó ti dà bí ẹni pé ó di búlọ́ọ̀kù lára ògiri. Ọ̀dọ̀ olówó èlé kan ní àdúgbò ni ó ti yá ₦100,000, ní èlé ₦10,000 lóṣù.

Ara ọmọ náà yá. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e padà wálé, ìyá rẹ̀ mú ìwé tí ó fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀.

Ó ní, “Baba wọn, ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò. ₦100,000 tí ẹ fi kún gbèsè ilé, èlé tí ó gbà wá sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦6,000 lọ́dún. ₦100,000 tí a yá yìí, bí ó bá pé ọdún kan lọ́rùn wa, èlé rẹ̀ yóò jẹ́ ₦120,000. Èrè wo ni a jẹ?”

Ọkọ rẹ̀ dákẹ́. Obìnrin náà tún ní, “Ilé tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ gbààwẹ̀ yìí, ta ni yóò gbé inú rẹ̀?”

Ọkùnrin náà dáhùn pé, “Ìyá wọn, òótọ́ ni o sọ. Ẹ̀rù ni ó bà mí. Mo fẹ́ kí gbèsè yìí tán kí àkọ́bí wa tó wọ yunifásítì.”

“Èmi náà fẹ́ ẹ,” ni obìnrin náà wí, “ṣùgbọ́n kí a má fi ebi san án.”

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń ṣe é. Wọ́n dá àfikún dúró. ₦71,643 tí àdéhùn là sílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń san fún báńkì. Nígbà tí èésú kan ìyá ní oṣù kejì, gbèsè olówó èlé ni wọ́n kọ́kọ́ fi san, nítorí gbèsè tí èlé rẹ̀ bá wúwo jù ni ó yẹ kí a kọ́ ṣí kúrò lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi nǹkan bí oṣù mẹ́fà kó owó ìpamọ́ jọ, tí yóò lè bọ́ ilé fún oṣù mẹ́ta bí àìsàn tàbí ìdádúró owó oṣù bá dé. Wọ́n sì fi díẹ̀ kún owó ọjà, nítorí àtẹ tí ó gbẹ kò lè bọ́ ẹnikẹ́ni.

Fún odidi oṣù kan, wọ́n kọ gbogbo ìnáwó ilé sílẹ̀, títí kan owó omi tútù. Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu. Kì í ṣe ẹran ni ó ń jẹ owó wọn. Epo bẹntiróòlù tí ẹ̀rọ amúnáwá ń mu, aṣọ ẹbí fún ìnáwó àwọn tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, àti oúnjẹ tí wọ́n ń rà ní ìwọ̀n kékeré kékeré ni. Wọ́n dín wákàtí ẹ̀rọ amúnáwá kù. Wọ́n pinnu pé ẹ̀bùn owó díẹ̀ ni àwọn yóò máa fún ẹni tí kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́, láì ra aṣọ. Wọ́n ń ra epo pupa ní kẹ́ẹ̀gì nígbà tí ó bá pọ̀ lọ́jà, láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ọdún. Owó ilé-ìwé tí í máa dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún bí olè, wọ́n rò ó pọ̀, wọ́n pín in sí ọ̀nà méjìlá, wọ́n sì ń ya ìpín kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù. Ẹyin àwọn ọmọ padà sórí tábìlì.

Nígbà tí ọdún kẹrin bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún gbé àfikún dìde, ₦28,357 lóṣooṣù, apá kan láti inú owó oṣù, apá kan láti inú èrè ọjà, kí owó náà lè pé ₦100,000. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ béèrè bóyá báńkì a máa bu owó ìtanràn lé ẹni tí ó bá san ṣáájú ọjọ́. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ra ilé, ọ̀pọ̀ ayánilówó kì í gbà kí ènìyàn san ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbèsè tí ó kù lọ lọ́dún kan láì gba owó lé e, níwọ̀n ìgbà tí ọdún tí wọ́n fi de èlé mọ́lẹ̀ kò bá tíì pé. Lẹ́yìn náà ni ó kọ ìwé sí báńkì pé orí ojú owó ni kí a ka gbogbo àfikún náà sí, kì í ṣe owó oṣù tí ń bọ̀. Bí wọ́n bá lè mú un dúró bẹ́ẹ̀, gbèsè náà kò ní kọjá ọdún mẹ́tàlá àti oṣù mẹ́ta. Àkọ́bí wọn yóò jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà náà, èlé tí wọn yóò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò lé ní ₦2,000,000. Oṣù tí kò bá sì rọgbọ, iye tí àdéhùn wí ni wọn yóò san. Ojú kò ní tì wọ́n.

Àwọn kan yóò wí pé èlé 6 lórí 100 kò wúwo tó ohun tí a ń sáré fún, pé ẹni tí ó bá fi owó náà ṣòwò lè jèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí ó mọ òwò ṣe. Ìdí rẹ̀ nìyí tí tọkọtaya wọ̀nyí fi kọ́kọ́ tún àtẹ ṣe. Ṣùgbọ́n èrè ọjà lè wá, ó sì lè má wá. Èlé kì í gbàgbé oṣù. Owó tí kò bá ní iṣẹ́ pàtó tí a fẹ́ fi ṣe sì mọ ọ̀nà àtijáde nínú ilé.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ọ̀ràn yìí ni pé gbèsè ní ìwọ̀n, ilé náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ń san èlé nìkan láì kan ojú owó, ìwọ̀fà ni, bí ó tilẹ̀ wọ kóòtù. Ẹni tí ó bá sì ń fi oúnjẹ ọmọ rẹ̀ san ojú owó, ológò ni ó gbé sínú ilé ara rẹ̀. Kí tọkọtaya jọ mọ iye tí ń wọlé àti iye tí ń jáde, kí wọ́n sì jọ pinnu, nítorí àìrìnpọ̀ ejò ni í jẹ ọmọ ejò níyà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ni í ni ni lára.