Ẹgbẹ́ Àbúrò Mi
Nígbà tí àbúrò mi obìnrin kọ̀wé láti Yunifásítì Howard, ní Washington, pé òun ń fẹ́ owó láti fi wọ ẹgbẹ́ Delta Sigma Theta, mo kọ̀. Mo ṣe bí ẹgbẹ́ fàájì ni. N kò mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 22 ni ó dá a sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1913, tí wọ́n sì jáde ìwọ́de nítorí ẹ̀tọ́ ìdìbò ní ọdún náà gan-an. Ó fi òógùn ojú ara rẹ̀ san án.

Ní ọdún kejì, baba wa kú. Kò sí owó ọkọ̀ òfúrufú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń sùn tì í, tí wọ́n ń se oúnjẹ fún un, títí ó fi ṣe ìdánwò. Ó kọ̀wé pé, “Ẹ má jáyà, ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ẹ̀gbọ́n níhìn-ín.”

Ojú tì mí. Mo ka ìwé náà sókè fún ìyá wa.